Kí ẹ tó gba server ńlá, ẹ yẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò

Ọjà kún ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà náà dé, ṣùgbọ́n wọn ò rọ́nà wọlé. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń rí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde ẹ̀dínwó. Èrò á ya bo ìkànnì wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àmì kékeré á máa yí bírí lójú fóònù, ìkànnì ò ní í ṣí. Oníbàárà tí ìdúró bá ti sú á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sáré ṣe ni kí wọ́n gba server tó tóbi sí i, tí wọ́n á máa fi dọ́là sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

Nígbà míì, server ò kéré rárá, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló há.

Linux ló wà lórí ọ̀pọ̀ server tó ń gbé ìkànnì. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ somaxconn, òun ló ń pinnu iye èrò tó lè tò sẹ́nu ọ̀nà de ìkànnì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 128 ni. Lọ́dún 2019, nígbà tí Linux 5.4 jáde, wọ́n sọ ọ́ di 4096. Ẹni tó bá ṣì ń lo Linux àtijọ́ lè wà lórí 128 dòní. Bí ìlà bá kún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní í rí ìdáhùn, fóònù rẹ̀ á dúró díẹ̀ kó tó tún kan ilẹ̀kùn.

Nginx tó ń bá ọ̀pọ̀ ìkànnì dá èrò lóhùn náà ní iye tirẹ̀ lórí Linux, ìyẹn 511. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ló máa ṣiṣẹ́.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tọ́jú server yín lo àṣẹ ss -lnt nígbà tí èrò bá pọ̀. Recv-Q ni iye tó wà lórí ìlà, Send-Q ni ibi tí ìlà lè gùn dé. Bí àkọ́kọ́ bá ti ń sún mọ́ èkejì, kó fi kún iye méjèèjì, ti Linux àti ti Nginx. Kó kọ iye àtijọ́ sílẹ̀, kó tún Nginx tàn, kó sì dán an wò kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń pín server pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, iléeṣẹ́ tó ni ín lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò ràgàjì ló ń fa ìkànnì sẹ́yìn, ìlà gígùn ò ní í wò ó sàn, èrò á kàn pẹ́ lórí ìdúró ni.

Bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá há, ilẹ̀kùn là ń fẹ̀, a kì í tìtorí rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mìíràn.