Ike Mímọ́ Gaara: Ọ̀nà Láti Fi Gbòǹgbò Tòmáàtì Han Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáàrà

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí olùkọ́ bá ya gbòǹgbò sí ara pátákó ìkọ̀wé, tí ó sì ní kí àwọn ọmọ máa pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé òun, wọn yóò mọ orúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe lè gbin tòmáàtì sínú ike tí ó mọ́ gaara, kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ lè tó ohun tí ilẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀.

Ìṣòro Tí Ó Wà Níbẹ̀

Nígbà kan tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, mo bá ike omi mẹ́fà lójú fèrèsé kíláàsì rẹ̀. Tòmáàtì ti hù nínú wọn, ewé wọn sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pe àwọn ọmọ wá wo gbòǹgbò, ara ike ti di àwọ̀ ewé, ekukáká ni gbòǹgbò kan fi hàn. Ọmọ kan bèèrè pé, 'Àǹtí, ṣé ojú ń ti gbòǹgbò ni?' Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rí èsì fọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ọmọ náà kò jìnnà sí òtítọ́. Ewé a máa wá ìmọ́lẹ̀, gbòǹgbò a sì máa yẹra fún un. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ike, gbòǹgbò yóò yà sí àárín erùpẹ̀, níbi tí òkùnkùn wà. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, pẹ̀lú omi, ni ó ń mú kí ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé, irú èyí tí a ń rí lára ìkòkò omi, hù sí ara ike.

Ìgbésẹ̀ Tí Ó Yẹ

(i) Gé orí ike omi kúrò, kí o sì dá ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Rọ erùpẹ̀ ọlọ́ràá tí a pò mọ́ yanrìn díẹ̀ sí i.

(ii) Gbin hóró méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ike, kì í ṣe àárín. Kò yẹ kí ó jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

(iii) Fi ọ̀rá dúdú wé ike náà dé ibi tí erùpẹ̀ mọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ wo gbòǹgbò nìkan ni kí a máa tú u.

(iv) Dẹ ike náà díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tí hóró wà kọjú sí ìsàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí gbòǹgbò a máa lọ sí ìsàlẹ̀, yóò fara ti ike bí ó ti ń gùn.

(v) Bu omi sí i níwọ̀nba. Bí omi bá pọ̀ jù, ìdí ọ̀gbìn náà lè jẹrà, kí ó sì wó. Gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tó ewé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́ láìlágbára.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, hóró yóò hù. Ewé méjì àkọ́kọ́ a máa dán. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni etí wọn máa ń rí ṣágiṣàgi bíi ti tòmáàtì gan-an. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a lè ṣí i lọ sí oko. Bí a bá ri apá kan igi rẹ̀ mọ́lẹ̀, apá náà yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀.

Àǹfààní Rẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá

Kí olùkọ́ fi ike kan sílẹ̀ láìwé, kí àwọn ọmọ fi wé èyí tí a wé, kí àwọn fúnra wọn sì dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn ní èdè Yorùbá. Ohun tí wọ́n bá rí lè di àròkọ aṣàpèjúwe. Ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé mímọ́ gaara ike nìkan kò tó. Wíwé e ni yóò jẹ́ kí gbòǹgbò hàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ fún ìdánrawò gbìn ín sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ẹ̀kọ́, kí ó sì kọ́kọ́ tú u wò fúnra rẹ̀, kí ìbéèrè ọmọdé má baà bá a lójijì.