Ilé Tí A Fẹ́ Tà: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Tún Balùwẹ̀ Rẹ̀ Ṣe?

Nígbà tí ọkọ àti aya bá ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò ta ilé, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń ti obìnrin lójú ni balùwẹ̀. Òun ni ó ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Òun ni ó mọ ibi tí sìmẹ́ńtì ti là àti ibi tí omi ti ń dúró. Bí ó bá sì ti gbọ́ pé olùrà ń bọ̀ wá wo ilé, kò sí ohun tí yóò máa rò ju pé kí òun kó owó ọjà òun jáde, kí a pe bíríkìlà àti pùlọ́ńbà, kí a fi táìlì tuntun bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fara balẹ̀ ná. Owó tí ó bá lọ sínú balùwẹ̀ ilé títà kì í sábàá padà bọ̀ bí ó ti lọ, pàápàá ní ìlú bí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ àti ìwé ilẹ̀ ni ẹni tí ń ra ilé ń wò kí ó tó wo ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tí à ń sọ. Owó òwò ìdálẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé àgbà tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ìlú náà tí ń ṣòwò ní ìhà àríwá Gánà a máa fi èrè wọn kọ́lé sílé, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó sì di ọdún 1975 tí owó Udoji bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn náà kò gbẹ́yìn nínú ilé kíkọ́. Amọ̀ ni ògiri púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Balùwẹ̀ wọn a máa wà lẹ́yìn, nítòsí ilé ìdáná, ilẹ̀ rẹ̀ a jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán, ṣáláńgá a sì wà lọ́tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá rí já jẹ nìkan ni ó ń ra báàfù gígùn àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ aláwọ̀ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, èyí tí olùrà òde òní ń wò tí ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ó máa rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́ ni a fi ń díye lé ilé.

Ta ni ó ń ra ilé ọ̀hún? Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí ilé bá wà ní àárín Ọ̀yọ́, ní ìtòsí ọjà Akẹ̀sán, ó lè jẹ́ oníṣòwò tí ó fẹ́ wó o lulẹ̀, kí ó fi ojú títì kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Táìlì tí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn rà yóò di àkúfọ́ lábẹ́ òòlù rẹ̀ kí oṣù tó yí po. Bí ó bá sì jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní apá Under G tàbí Adéníkẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti ń gbé, olùrà ń wá ilé tí yóò fi yá wọn ní yàrá. Láti ìgbà tí a ti dá ilé ìwé náà sílẹ̀ ní ọdún 1990 ni irú òwò bẹ́ẹ̀ ti ń gbèrú níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò béèrè pé: balùwẹ̀ mélòó ni ó wà? Ṣé omi wà nínú kànga ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Kò ní béèrè àwọ̀ àwo. Bí ó bá fẹ́ fi balùwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò tú èyí tí ẹ ṣe ká. Ẹnì kan ṣoṣo tí balùwẹ̀ dídára lè mú lọ́kàn ni òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ kó aya àti ọmọ wọ inú ilé náà lọ́gán. Òun náà, ìtọ́wò rẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiyín.

Ẹ má ṣe rò pé tálákà ni ó fà á. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ilé ìfowópamọ́ ti ń yá olùrà lówó, ìwé ìròyìn kan tí à ń pè ní Remodeling ṣe ìṣirò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ó sì rí ni pé owó tí onílé fi tún balùwẹ̀ ṣe kì í sábàá padà tán nígbà tí ó bá ta ilé.

Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí a fi balùwẹ̀ tí ó bàjẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ti gbó, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó bàjẹ́. Omi ni ọ̀tá ilé alámọ̀. Bí omi ìwẹ̀ bá ń gba ojú lílà wọ abẹ́ ògiri, amọ̀ inú rẹ̀ yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì tí ó bò ó yóò ṣì máa dán lójú. Olùrà tí ó gbọ́n yóò mú bíríkìlà tirẹ̀ dání. Bí bíríkìlà yẹn bá fi ọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn, tí sìmẹ́ńtì sì ṣí kúrò bí èèpo, kì í ṣe owó balùwẹ̀ ni yóò yọ nínú iye ilé, owó ògiri ni.

Ẹ lè yẹ ilé yín wò láìpe ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ da garawa omi méjì sí ilẹ̀ balùwẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ni ó dorí kọ ojú ihò. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án láti ìsàlẹ̀ títí dé ìwọ̀n orúnkún. Bí ó bá tutù, tàbí bí ẹ bá rí ohun funfun bí iyọ̀ tí ó hù lára rẹ̀, omi ń gba ibẹ̀. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá jẹ́ olómi, ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú àpótí omi tí ó wà lẹ́yìn àwo, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ sínú àwo láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Rọ́bà kékeré ni, kì í ṣe àwo tuntun.

Nítorí náà, kí a dí ojú lílà, kí a tún ilẹ̀ rẹ́ kí ó dà sí ojú ihò, kí a pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀rọ omi tí ń kán tó-tó-tó. Kí a gbọ́n sókàwéè bí ó bá ti kún, kí a sì kun ògiri ní ọ̀dà funfun. Òórùn ni kí a kọ́kọ́ lé jáde, nítorí pé imú olùrà ń ṣáájú ojú rẹ̀ wọlé. Ní ti kànga, àwọn onímọ̀ ìlera a máa fẹ́ kí àlàfo bíi mítà 30 wà láàárín òun àti ṣáláńgá. Bí tiyín bá sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí táìlì tí ó lè bò ó. Ẹ sọ òtítọ́ fún olùrà.

Àtúnṣe ńlá tí a kò parí burú ju balùwẹ̀ àtijọ́ lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀, ohun èlò tí ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí gidigidi, iye tí pùlọ́ńbà dá ní ọjọ́ Ajé sì lè yí padà kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ tó dáwọ́ lé e, ẹ bi alágbàtà méjì tàbí mẹ́ta ní ìbéèrè kan náà: èló ni ilé yìí yóò mú wá bí ó ti wà yìí, èló sì ni bí a bá tún balùwẹ̀ rẹ̀ ṣe? Bí ohun tí ó fi lé kò bá ju owó iṣẹ́ lọ dáadáa, ẹ fi owó yín sápò.

Nísinsìnyí a dé ibi tí bàtà ti ń ta obìnrin lẹ́sẹ̀. Ilé ta ni? Bí ó bá jẹ́ pé bàbá ọkọ yín ni ó kọ́ ọ, tí ó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, nínú àṣà wa gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin ni ó ni ín. Bí ẹnì kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí a yí i padà. Ọmọ bíbí inú ilé tí ó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìyàwó ilé ńkọ́? Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé aya kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ní ẹ̀tọ́ tí ó sàn ju èyí lọ lórí ohun tí ó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò kan ilé ẹbí.

Ẹ tún rántí pé láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ilé tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní C of O, kò ṣeé tà láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Bí owó ọwọ́ yín kò bá ká ju ohun kan lọ, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi san owó awọnlẹ̀ àti ti agbẹjọ́rò. Ìwé tí ó pé ń fi iye kún ilé lójú gbogbo olùrà, ìbáà jẹ́ ẹni tí yóò wó o tàbí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀.

Bí ilé bá sì jẹ́ ti ọkọ yín nìkan, tí ó sì di dandan kí owó òwò yín wọ inú àtúnṣe, ẹ bá a sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè wí pé: “Bàbá Àyọ̀ká, ẹ jọ̀ọ́, inú òwò aṣọ mi ni owó yìí ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ó jẹ́ òun ni a ó kọ́kọ́ yọ nígbà tí ilé bá tà.” Ọkọ rere kò ní bínú sí i. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé náà, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí àgbà kan tí ẹ jọ fọkàn tán ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì sìmẹ́ńtì àti ti páìpù mọ́ ọn.