Ìwé Ìbéèrè Tí Wọ́n Fún Ọmọ Yín Ní Yunifásítì: Kí Ni Ó Ń Wọ̀n?

Àwọn òbí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí máa ń mú ọ̀rọ̀ kan wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọmọ wọn wọ yunifásítì, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan fún un: ṣé ó ń rí oorun sùn, ṣé nǹkan ṣì ń wù ú ṣe, ṣé ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe? Ọmọ dáhùn, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ rí dókítà. Ni bàbá bá ń bi wá pé: "Ààfáà, ṣé wọ́n fẹ́ pe ọmọ mi ní wèrè ni?"

Rárá o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí òbí béèrè: ta ni ó kọ ìwé náà, àwọn ọmọ ibo ni wọ́n sì fi dán an wò?

Ìlú òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ti wá. Ọ̀mọ̀wé Erik Erikson, tí wọ́n bí ní Jámánì kí ó tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1950 pé ìpele mẹ́jọ ni ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn. Ó ní iṣẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ ni kí ènìyàn mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Àwọn mìíràn wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìwé ìbéèrè. Àwa Ìjẹ̀bú náà mọ̀ pé ìpele-ìpele ni ayé. Ìdí nìyí tí a fi ní régbérégbé, tí wọ́n ń jáde ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ṣùgbọ́n bí ìwé òyìnbó bá ka ẹni tí ó ń dá ìpinnu ṣe sí ẹni tí ó ti dàgbà, ọmọ wa tí ó kọ́kọ́ gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ kí ó tó yan ìyàwó lè gba máàkì kékeré. Kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Wọ́n ti rí irú nǹkan báyìí kedere ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta, àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, jọ ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá ní 1961, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí òyìnbó ń pè ní depression. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ dáadáa: kí okun inú tán, kí ènìyàn máa sunkún ṣáá, kí oúnjẹ má lọ lẹ́nu, kí ayé sú u. Ẹni tí ó bá wá orúkọ yóò ní kò sí àìsàn náà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá béèrè àmì yóò rí i.

Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ ọ́ ní 1960 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sọ pé orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí, ìwé kò sì wọlé mọ́. Ìwé tí kò bá béèrè nípa orí yóò fo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe? Ẹnìkan á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Òyìnbó lè sọ pé àwọ̀ búlúù mú òun, kí ó túmọ̀ sí pé inú òun bàjẹ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa, aṣọ ara wa ni a ó máa wò. Lẹ́yìn náà, dókítà á bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá máàkì ìwé bá òótọ́ mu. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi kà á, ìdánwò yìí ṣì pọn dandan. Ní Túrkì, Nesrin Hisli ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ yunifásítì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989. Ní Nàìjíríà, Dókítà Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé oníbéèrè mẹ́sàn-án dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 512 wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2006. Ìdánwò yẹn ni ó fi hàn pé ìwé náà wúlò fún àwọn ọmọ wa.

Àmọ́ nǹkan kan kù tí ó kan àwa Mùsùlùmí. Bí ẹ bá bi ọmọ wa pé báwo ni, "Alhamdulillahi" ni yóò sọ, bí kò tilẹ̀ sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá bi í bóyá ikú ń wù ú, yóò kọ òdo, nítorí ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni, ojú sì ń tì í. Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹni tí ń dúpẹ́ kò lè ṣàìsàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fa ìwé náà ya, ẹ má sì fi máàkì rẹ̀ dájọ́. Bí ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara ni: ó ń sọ pé ara gbóná, kò sọ ohun tí ó fà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rí dókítà. Ẹ sì bi í nílé, ní kọ̀rọ̀, lédè tí ó yé e: "Ṣé o ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ? Kí ni orí rẹ ń ṣe?" Bí ó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àdúà ń lọ, ìtọ́jú náà ń lọ.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa yè, kí Ó sì fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ wọn. Àmín.