Strasburg: apá ènìyàn kì í ṣe irin

Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù, alátakò a sì máa fi igi gbá a. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2010, Stephen Strasburg, ọmọ ọdún 21, kọ́kọ́ jù ú fún ẹgbẹ́ Washington Nationals. Ìgbà 14 ni alátakò kúrò níwájú rẹ̀ láìrí bọ́ọ̀lù gbá. Ariwo ta!

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, iṣan ìgúnpá rẹ̀ ya, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní 2012, ẹgbẹ́ náà ní kó sinmi kí ìdíje tó parí. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn. Ṣùgbọ́n ní 2019, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba ife World Series. Wọ́n bá a ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 245 dọ́là. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà 8 péré ló tún jù ú kó tó fẹ̀yìn tì ní 2024.