Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ Nìkan Kò Tó

Ẹni tó dúró sí ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè lè mọ bí àpáta náà ṣe ga tó láì gùn ún. Àwo idẹ tí a fín àmì ìwọ̀n sí lára ni yóò lò, pẹ̀lú ọ̀pá tí ojú ń gbà wo ṣóńṣó òkè. Ìṣirò ni yóò parí ìyókù. Humphrey Cole wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rọ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ọmọ àríwá ilẹ̀ náà, ibi tí wọ́n ti ń rọ owó ìjọba nínú Tower of London ló sì ti ń jẹun. Lọ́dún 1572, ó fín àwòrán ilẹ̀ Kénáánì fún Bíbélì, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gbàgàdà. Lọ́dún 1576, tí Martin Frobisher fẹ́ wá ọ̀nà òkun gba àríwá Amẹ́ríkà dé China, Cole wà lára àwọn tí wọ́n ra irinṣẹ́ ìrìn àjò náà lọ́wọ́ wọn. Ó kú lọ́dún 1591.

Àwọn kan á ní orí òyìnbó ló pé ju tiwa lọ. Irọ́ ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1938 ti wà ṣáájú kí wọ́n tó bí Cole, ẹni tó sì lè da idẹ tínínrín tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìlè fín ìlà sára àwo. Ẹlòmíràn á dáhùn pé iṣẹ́ ọnà nìyẹn, pé ère kì í ṣe ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀, àmọ́ àwọn Akan ní Gánà ti já a: ọ̀rúndún lọ́nà ọ̀rúndún ni wọ́n fi ń da òṣùwọ̀n idẹ kéékèèké tí wọ́n fi ń wọn wúrà, nítorí bó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹnìkan ti jẹ gbèsè nìyẹn. Òwò wúrà ló béèrè òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wọn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Cole: John Dee onímọ̀ ìṣirò ń kọ́ àwọn atukọ̀ Frobisher lẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò London sì ń náwó sí ìrìn àjò. Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́, tó sì lówó lọ́wọ́, ló sọ alágbẹ̀dẹ di oníṣẹ́ irinṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ní Àkúrẹ́ nítòsí Ìdànrè, yunifásítì FUTA ní ìpín nínú sátẹ́láìtì kékeré NigeriaEduSat-1 tó lọ sí òfuurufú lọ́dún 2017. Japan ni wọ́n ti kan án. Síbẹ̀, ìlú tó ń bọ Ògún bí Ìdànrè kò lè ní òun kò mọ irin. Ẹ̀yin alákòóso ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó kọ̀wé ra òṣùwọ̀n láti òkè òkun, ẹ gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ àti owó àsansílẹ̀ lọ bá alágbẹ̀dẹ àdúgbò yín ná.