Ọ̀RỌ̀-ÌṢE "GBÀGBỌ́": ÌPÌLẸ̀, ÌTUMỌ̀ ÀTI ÌLÒ RẸ̀

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Ìjàgbó, lẹ́bàá Ọ̀fà, ni ìbéèrè tòní ti wá. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ "Mo gba bàbá mi gbọ́" nínú àròkọ, òun sì fi yíǹkì pupa fagi lé e, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun mọ gbàgbọ́ sí. Ó gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì, ọmọ náà sì sunkún. Olùkọ́ wá ń béèrè pé ta ni ó jàre. Ọmọ ni ó jàre.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó so pọ̀ di gbàgbọ́: gbà àti gbọ́. Gbà ni ti ẹni tí ó tẹ́wọ́ sí nǹkan. Gbọ́ jẹ́ ti etí, ṣùgbọ́n kò mọ sí etí, nítorí ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ Yorùbá, òye ni ó ń sọ. Ẹni tí ó gbàgbọ́, ó ti tẹ́wọ́ gba ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ìgbàgbọ́, àìgbàgbọ́ àti onígbàgbọ́. Lẹ́nu àwọn ìjọ, onígbàgbọ́ di orúkọ ọmọlẹ́yìn Kristi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Mùsùlùmí ní ìgbàgbọ́ tiwọn.

Irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni a ń pè ní ẹlẹ́là: àárín rẹ̀ ni àbọ̀ ń jókòó sí. Ẹ fi etí sí ohùn rẹ̀ dáadáa. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbà ní, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ó ń gòkè sí ohùn àárín: "Mo gba Adé gbọ́." Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, kò kúrò ní ìsàlẹ̀: "Mo gbà á gbọ́", "Ó gbà mí gbọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni bàjẹ́: "ba ilé jẹ́", "bà á jẹ́". Bí pé bá tẹ̀ lé gbàgbọ́, kì í là: "Mo gbàgbọ́ pé òjò yóò rọ̀." Ẹ má sì jẹ́ kí gbàgbé tàn yín jẹ. Ó jọ gbàgbọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í là rárá. "Mo gbàgbé ìwé" ni a ń wí. Kò sí ẹni tí í wí pé "mo gba ìwé gbé".

Àwọn kan ń fẹ́ kí a to ọ̀rọ̀-ìṣe wa bí wọ́n ti ń to ti àwọn ará Yúróòpù. Ní èdè àwọn Serb àti Croat, vjerovati ni wọ́n ń pe gbàgbọ́. "Mo" ń jẹ́ vjerujem, "o" ń jẹ́ vjeruješ, "wọ́n" ń jẹ́ vjeruju. Ìrù ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ ẹni tí ó ṣe é. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n, gbàgbọ́ náà ni. Àwọn wúnrẹ̀n tí ó ṣíwájú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́: "mo ti gbà á gbọ́", "mo máa ń gbà á gbọ́", "èmi yóò gbà á gbọ́", "n kò gbà á gbọ́", "n kì yóò gbà á gbọ́". Bí kò bá sí wúnrẹ̀n kankan, "Mo ra ìwé" jẹ́ ohun tí ó ti kọjá, ṣùgbọ́n "Mo gbà á gbọ́" jẹ́ ti ìsinsìnyí, nítorí pé ipò ọkàn ni ó ń sọ.

Mo rọ olùkọ́ wa kí ó dá máàkì ọmọ náà padà lójú gbogbo kíláàsì, nítorí ojú wọn ni ó ti gbà á.