Linux yín kò fọhùn? Ẹ má tíì gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe

Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ni kò lágbára láti gba Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀. Fún ẹni tí kò lówó tuntun lọ́wọ́, ọ̀nà kan tó ṣì ṣí sílẹ̀ ni Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Linux kì í ṣe àjèjì ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní Kútọnu, ilé ìkọ́ṣẹ́ BloLab ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù sínú gálọ́ọ̀nù lásán, kó sì di kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry. Ẹ̀yà Linux kan tún wà tó ń jẹ́ Emmabuntüs, tí wọ́n dìídì ṣe ní ilẹ̀ Faransé láti fi jí kọ̀ǹpútà àlòkù dìde.

Àmọ́ ìṣòro kan wà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí Linux lè bá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kọ̀ǹpútà tàn, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, àwòrán ń hàn kedere, ṣùgbọ́n kò sí ohùn.

Fún ẹni tó wà ní Bantè tàbí Savalou, ní ẹkùn Collines, ọ̀rọ̀ yìí kọjá orin àti fíìmù. Ní Bantè, Ica ni èdè tó gbilẹ̀. Ní ìhà Tchetti, lábẹ́ Savalou, lẹ́bàá ààlà Togo, wọ́n ń sọ Ifè. Inú ìdílé èdè Yorùbá ni méjèèjì wà, ìwé tí wọ́n sì fi wọ́n kọ kò pọ̀. Oríkì, àlọ́, orúkọ ewé, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó, ẹnu àgbà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn, ohùn ni yóò gbà sílẹ̀. Bí máìkì kò bá gbọ́, wákàtí kan tí bàbá àgbà fi sọ̀rọ̀ ti di òfo nìyẹn, ó sì lè má rí okun tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún afọ́jú tó ń lo Orca, ètò ọ̀fẹ́ tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí èèyàn létí. Lọ́jọ́ tí ohùn bá lọ, ojú kọ̀ǹpútà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Láti Savalou dé Kútọnu ju 200 kìlómítà lọ. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, kí ẹ tó gbà fún ẹni tó bá sọ pé káàdì ohùn ti jó, ẹ jẹ́ ká sọ èyí fún yín: bí Linux bá dákẹ́, kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ilẹ̀kùn kan ló wà ní títì lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni láti mọ èwo ni.

Ọ̀nà tí ohùn ń gbà

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde láti ààfin. Ọba kì í fúnra rẹ̀ kígbe kiri ìlú. Yóò rán akéde, akéde yóò sọ fún ẹni tó ń lu agogo, ìgbà tí agogo bá dún ni ìlú tó gbọ́.

Bó ṣe rí nínú Linux nìyẹn. VLC tàbí Firefox tí ẹ fi ń gbọ́ orin ni ọba tó ní ọ̀rọ̀. Akéde ni ètò tó ń kó ohùn gbogbo jọ, tó sì ń pinnu ibi tí yóò gbà jáde: PulseAudio ni lórí àwọn Linux àtijọ́, PipeWire ni lórí àwọn tuntun. Ẹni tó ń lu agogo ni ALSA, tó wà nínú ọkàn Linux gan-an, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀. Agogo fúnra rẹ̀ ni káàdì náà àti sípíkà.

Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Jaroslav Kysela, ọmọ ilẹ̀ Czech, bẹ̀rẹ̀ ALSA lọ́dún 1998. Lennart Poettering, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ PulseAudio lọ́dún 2004. PipeWire jẹ́ iṣẹ́ Wim Taymans. Fedora 34 sọ ọ́ di akéde rẹ̀ lọ́dún 2021, Ubuntu 22.10 sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn tó wo kọ̀ǹpútà kan sàn fi lè má ran òmíràn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè gbé ohùn sókè, kó sì pa á. Bí ẹnì kan péré bá panu mọ́ nínú wọn, ìlú kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn

Ẹ yọ ohun gbogbo tó wà nínú ihò íyàpíìsì. Kọ̀ǹpútà tó bá gbà pé íyàpíìsì ṣì wà nínú ihò náà kò ní jẹ́ kí sípíkà dún, eruku tó kó sínú ihò sì lè tàn án jẹ. Ẹ wo bọ́tìnnì tó ní àwòrán sípíkà lórí, bóyá ọwọ́ ti ṣèèṣì kàn án. Bí íyàpíìsì gan-an ni kò dún, ẹ fi òmíràn dán an wò.

Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní Benin ń lò, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí lójú rẹ̀ la ó máa dá. Ẹ ṣí Paramètres, kí ẹ tẹ Son. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Sortie sí. Bó bá jẹ́ HDMI ló wà níbẹ̀, ohùn yín ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ì báà jẹ́ pé ẹ ti yọ okùn rẹ̀. Ẹ yí i sí Haut-parleurs, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dán an wò. Àìsàn tó rọrùn láti wò jù lọ nìyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ètò méjì gbọ́ nǹkan. Bí VLC bá dún tí Firefox kò dún, Firefox nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ fi ètò kékeré tó ń jẹ́ pavucontrol sí i, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí orin bá ń lọ, ẹ tẹ Lecture lókè rẹ̀: ẹ ó rí gbogbo ètò tó ń fọhùn lọ́wọ́, àti èyí tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́. Ẹ tún wo Configuration. Bí ẹ bá rí Désactivé lábẹ́ káàdì ohùn yín, ẹ yàn Duplex stéréo analogique rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Duplex yẹn túmọ̀ sí pé káàdì náà yóò máa sọ̀rọ̀, yóò sì máa gbọ́rọ̀.

Bó bá di ti Terminal

Bí ohùn kò bá tíì jáde, ẹ ṣí Terminal. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T papọ̀. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Kò sí èyí tó máa ba nǹkan jẹ́ nínú àṣẹ tí a fẹ́ kọ yìí. Àkọ́kọ́:

aplay -l

Àṣẹ yìí ń béèrè lọ́wọ́ ALSA bóyá ó rí agogo. Bó bá to orúkọ káàdì sílẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀: Linux ti mọ káàdì yín, ẹnì kan ló panu mọ́. Ẹ kọ:

alsamixer

Àwọn òpó yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ F6 láti yan káàdì tí ẹ fẹ́. Òpó tí MM bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti panu mọ́. Ẹ fi ọfà lọ síbẹ̀, kí ẹ tẹ lẹ́tà M kó lè di OO. Ẹ wo Master, Speaker àti Headphone, kí ẹ sì fi ọfà òkè gbé wọn ga. Bí ẹ bá rí Auto-Mute Mode, tí sípíkà kò dún bí ẹ tilẹ̀ ti yọ íyàpíìsì, ẹ yí i sí Disabled. Ẹ tẹ Esc láti jáde, kí ẹ kọ sudo alsactl store kí kọ̀ǹpútà má baà gbàgbé.

Bí agogo bá wà tí ẹnu kò sì pa mọ́, ó lè jẹ́ akéde ló sùn lọ. Ẹ jí i. Lórí Linux tuntun, ẹ kọ:

systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber

Lórí èyí tó ṣì ń lo PulseAudio, ẹ kọ pulseaudio -k. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ní, pactl info yóò sọ fún yín. Afọ́jú tó ń lo Orca lè há àṣẹ yìí sórí, nítorí ó ṣeé tẹ̀ láìrí ojú kọ̀ǹpútà. Bí ohùn bá ti padà, tó jẹ́ pé Orca ló dákẹ́, Alt, bọ́tìnnì Windows àti S papọ̀ ni wọ́n fi ń tan án lórí GNOME.

Bó bá wá jẹ́ pé aplay -l sọ pé òun kò rí káàdì kankan, tí Sortie factice nìkan sì wà ní Paramètres, Linux kò tíì mọ káàdì yín nìyẹn. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Intel tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, nítorí káàdì wọn ń fẹ́ fáìlì kan tó ń jẹ́ Sound Open Firmware kó tó lè ṣiṣẹ́. Lórí Debian, orúkọ rẹ̀ ni firmware-sof-signed. Ẹ wá íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sí i, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn.

Máìkì: ẹ dán an wò kí àgbà tó jókòó

Ẹni tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ní iṣẹ́ kan sí i. Nínú alsamixer, ẹ tẹ F4. Níbẹ̀ ni òpó máìkì wà. Bí ọ̀rọ̀ CAPTURE kò bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ ọ̀pá gígùn tí a fi ń pín ọ̀rọ̀ níyà lórí kíbọọ̀dù. Òpó tó ń jẹ́ Boost, ẹ má gbé e ga jù, ariwo ló máa ń kó wá.

Ẹ wo ihò ara kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ sábà máa ń ní ihò méjì, aláwọ̀ ewé fún íyàpíìsì, aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ fún máìkì. Íyàpíìsì fóònù ní tirẹ̀, ẹnu kan ló fi ń ṣe méjèèjì. Bí ẹ bá kì í bọ ihò máìkì àtijọ́, kò ní gbọ́ ohunkóhun, ẹ̀bi Linux kọ́. Okùn kékeré tó ń pín in sí méjì ló máa yanjú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan tó ń kùn lábẹ́ ohùn, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì gbà á. Iná tí wọn kò fi wáyà bọlẹ̀ dáadáa máa ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi Audacity gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ẹ gbọ́ ọ padà pẹ̀lú etí ara yín. Ẹ má gbà pé ó ń gbà á nítorí pé aago ń ka nìkan. Aago máa ń ka bí máìkì tilẹ̀ ti kú.

Kí ẹ tó sanwó kọ̀ǹpútà àlòkù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Linux, Ubuntu, Debian àti Emmabuntüs wà lára wọn, lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà. Ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, ẹ gbọ́ orin kan, ẹ gba ohùn díẹ̀ sílẹ̀. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́, ara kọ̀ǹpútà náà yá, Linux sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ fi máa dá ọ̀rọ̀ nílé. Bí kọ̀ǹpútà tó ti dákẹ́ bá fọhùn láti orí fláàṣì, kò sí káàdì tó jó. Ètò inú rẹ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Bí fláàṣì méjì tó ní Linux ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá dákẹ́ pẹ̀lú, tí aplay -l kò rí nǹkan kan, ìgbà náà lẹ lè rò ó pé ẹ̀rọ ló ní àrùn. Síbẹ̀, ẹ lè kọ́kọ́ ra káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kọ̀ǹpútà yín palẹ̀.

Bó bá di dandan kí ẹ lọ bá alátùn-únṣe, ẹ kọ orúkọ Linux yín, orúkọ kọ̀ǹpútà yín àti ìdáhùn aplay -l sínú ìwé, kí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Kò ní rọrùn fún un láti ta ohun tí ẹ kò nílò fún yín.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ lọ́dọọdún ni Savalou ń ṣe ọdún iṣu, àwọn ọmọ ìlú a sì ti ọ̀nà jíjìn wálé. Bí ẹ bá ní àgbà kan tí ẹ fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ dán kọ̀ǹpútà yín wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ.